Ewé tó ń pa iná ara: ọ̀rọ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ Zone franche ní Lomé




 

Ọ̀rọ̀ òní dá lórí ewé, egbò àti èso tí à ń lò nígbà tí ara bá ń ro wá. Ọ̀rọ̀ gbogbo wa ni, ará ìlú àti ará abúlé, nítorí pé abúlé ni ewé ti ń wá, abúlé náà sì ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ti wá.

Gbogbo wa la ti gbọ́ nípa Zone franche. Oṣù kẹsàn-án ọdún 1989 ni òfin tó dá a sílẹ̀ jáde ní Togo. Òfin mìíràn tẹ̀lé e ní 2011. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti lọ síbẹ̀. Wọ́n ń rán aṣọ. Wọ́n ń ṣe irun àtọwọ́dá. Wọ́n ń ṣe ike àti irin. Ẹlòmíràn ń dúró láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹlòmíràn ń tẹ orí ba sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, ọrùn ọwọ́ á wú, ẹ̀yìn á máa ro, orúnkún á gbóná.

Kí ni wọ́n ń ṣe nígbà náà? Ọ̀kan á yà sọ́dọ̀ ìyá alágbo, á mu ife kan. Èkejì á ra hóró oògùn lẹ́bàá ọ̀nà. Ẹ̀kẹta á mu egbò tí wọ́n rẹ sínú sódàbì. Ní ọjọ́ kejì, ó di ẹnu iṣẹ́.

Ṣé àgbo náà ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́? Àwọn kan sọ pé ohun tí àwọn baba wa fi sílẹ̀ ni, kò lè pa ènìyàn lára. Àwọn kan sọ pé àìmọ̀kan lásán ni. Ohun tí ìmọ̀ fi hàn yàtọ̀ sí ti àwọn méjèèjì. Ẹ jẹ́ kí á yẹ̀ ẹ́ wò.

KÍ NI INÁ ARA?

Bí ẹ̀gún bá gún yín lẹ́sẹ̀ lóko, kí lẹ máa ń rí? Ojú ibẹ̀ á pọ́n. Á wú. Á gbóná. Á máa dùn yín. Ọkùnrin kan ní Róòmù, Celsus, ti kọ àmì 4 yìí sínú ìwé ní nǹkan bí 2000 ọdún sẹ́yìn. Àwọn àgbà wa náà mọ̀ ọ́n, bí wọn kò tilẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀.

Nínú ọ̀rọ̀ yìí, a ó máa pe àmì 4 náà ní «iná ara». Kì í ṣe ibà ni mo ń sọ. Ibà ń mú gbogbo ara. Iná ara lè wà ní ojú kan ṣoṣo: ọrùn ọwọ́, orúnkún, ìdí eyín, tàbí awọ ara.

Ta ló ń dá iná náà? Ara wa fúnra rẹ̀ ni. Sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi kọ́ ara wa, bí a ti ń fi bíríkì kọ́ ilé. Ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí i. Nínú ẹ̀jẹ̀, sẹ́ẹ̀lì pupa wà, sẹ́ẹ̀lì funfun sì wà. Àwọn funfun ni ọmọ ogun ara. Irú kan wà nínú wọn tó tóbi, tó ń gbé kòkòrò àrùn mì. Ẹ jẹ́ kí á pè é ní «agbémì».

Bí agbémì bá pàdé kòkòrò, kì í dá jà. Ó máa ń rán oníṣẹ́ jáde. Oníṣẹ́ á sọ fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pé kí ó fẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ á pọ̀ níbẹ̀, ibẹ̀ á pọ́n, á sì gbóná. Omi á jò jáde láti inú iṣan, ibẹ̀ á wú. Oníṣẹ́ mìíràn á mú kí ó máa dùn wá, kí á má baà fi ibẹ̀ ṣiṣẹ́, kí ó lè sinmi. Àwọn ọmọ ogun yòókù á wá rọ́ dé.

Ẹ rí i pé iná ara kì í ṣe ọ̀tá. Ìjà tí ara ń jà fún wa ni. Láìsí i, egbò kékeré lè pa ènìyàn.

Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, iná náà kì í kú. Ẹni tó ń ṣe nǹkan kan náà pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ láti àárọ̀ dé alẹ́, lójoojúmọ́, okùn inú ọrùn ọwọ́ rẹ̀ á máa bó díẹ̀díẹ̀. Kò sí kòkòrò níbẹ̀, síbẹ̀ ara á rán ọmọ ogun lọ. Bí iṣẹ́ kò bá dáwọ́ dúró, ìjà kò ní dáwọ́ dúró. Iná tó yẹ kó kú ní ọjọ́ mẹ́ta á pẹ́ fún oṣù mẹ́ta. Irú iná yìí ló ń ba oríkèé ara jẹ́.

BÁWO NI EWÉ ṢE Ń PA INÁ NÁÀ?

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti òkèèrè, kí á tó padà sílé.

Igi kan wà ní Yúróòpù tó ń hù lẹ́bàá omi. Ó ti pẹ́ tí àwọn ará abúlé ibẹ̀ ti ń se èèpo rẹ̀ mu fún ibà àti ìrora. Ní 1763, àlùfáà kan ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Edward Stone, kọ ìwé nípa rẹ̀ sí àwọn onímọ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n yọ èròjà tó wà nínú èèpo náà. Ní 1897, Felix Hoffmann ṣe ìbátan èròjà náà ní ilé iṣẹ́ Bayer ní Jámánì. Ohun tí à ń pè ní ásípírìn lónìí nìyẹn.

Ẹ wò ó: àgbo àwọn ará abúlé ló ṣí ọ̀nà sí ásípírìn.

Síbẹ̀, fún ọdún tó lé ní 70, kò sẹ́ni tó mọ bí ásípírìn ṣe ń ṣiṣẹ́. Ní 1971, John Vane ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí i. Ásípírìn ń dí ọ̀nà mọ́ ọ̀kan nínú àwọn oníṣẹ́ tí ara ń rán, kí wọ́n má lè ṣe é jáde. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1982 nítorí iṣẹ́ yìí.

Ṣùgbọ́n ẹ fi èyí sọ́kàn: oníṣẹ́ kan náà tó ń mú ìrora wá ló tún ń dáàbò bo inú ikùn wa, kí omi kíkan inú rẹ̀ má baà jẹ ẹ́. Tí ẹ bá dí ọ̀nà mọ́ ọn, ìrora á lọ, ṣùgbọ́n ikùn á wà láìní ààbò. Ìdí nìyẹn tí ásípírìn tàbí diclofenac púpọ̀ fi ń dá egbò sí inú ikùn. Ohun tó ń ṣe rere níbì kan lè ṣe ibi níbòmíràn.

Ẹ jẹ́ kí á padà sílé wàyí.

Gbogbo wa la mọ orín àtà. Tí a bá rún un lẹ́nu, ó ń ta, ahọ́n á sì kú díẹ̀. Ní 1982, olùwádìí kan, Oriowo, kọ̀wé nípa èròjà kan tí wọ́n yọ láti ara igi àtà. Nínú àyẹ̀wò tó ṣe, èròjà náà dín ara wíwú kù. Ó sì dí ọ̀nà mọ́ irú oníṣẹ́ tí ásípírìn ń dí ọ̀nà mọ́. Àwọn tó ń run orín yìí láti ìgbà ìwásẹ̀ kò ṣiṣẹ́ lásán.

Ẹ gbé orógbó wò. A fi ń ṣe àdúrà níbi ìsọmọlórúkọ. A ń jẹ ẹ́ fún ikọ́. Àwọn onímọ̀ ní Nàìjíríà ti yọ àpapọ̀ èròjà kan láti inú rẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni kolaviron. Wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò fún ọ̀pọ̀ ọdún, ní Yunifásítì Ìbàdàn àti níbòmíràn.

Kí ẹ tó lè mọ iṣẹ́ tí kolaviron ń ṣe, ẹ gbọ́ èyí ná. Nínú agbémì, ohun kan wà tó dà bí bọ́tìnì iná mànàmáná. Tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, sẹ́ẹ̀lì á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe oníṣẹ́. Ní 1986, Ranjan Sen àti David Baltimore ní Amẹ́ríkà kọ̀wé nípa bọ́tìnì yìí. Orúkọ rẹ̀ ni NF-kappa B.

Ní 2014, Sunny Abarikwu, ọmọ Nàìjíríà, sọ èsì àyẹ̀wò kan. Agbémì wà nínú abọ́. Wọ́n fi ègé ara kòkòrò àrùn sí i kí ó lè bínú. Níbi tí kolaviron wà, bọ́tìnì náà rọlẹ̀, oníṣẹ́ tí agbémì rán jáde sì dín kù. Ìyẹn ni pé ohun tó wà nínú orógbó lè bá ọmọ ogun ara sọ̀rọ̀ pé: «Ẹ fara balẹ̀.»

Òótọ́ ni, nígbà náà, pé ewé wa ní agbára.

INÚ ABỌ́ KÌ Í ṢE INÚ ÈNÌYÀN

Ibí yìí ni kí ẹ ti la etí dáadáa. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta oògùn nínú bọ́ọ̀sì máa ń dúró síbi tí a dé yìí. Wọ́n á ní: «Àwọn òyìnbó ti yẹ̀ ẹ́ wò, ó ń wo àrùn 20!» Ẹ má gbà wọ́n gbọ́. Nǹkan 3 ló wà láàárín abọ́ àti ènìyàn.

Èkíní ni ìfun. Ohun tí a bá jẹ gbọ́dọ̀ gba inú ìfun kọjá kí ó tó dé inú ẹ̀jẹ̀. Ẹ wo ajó, atalẹ̀ pupa tí ń pa ọwọ́ láró. Nínú abọ́, èròjà rẹ̀ ń mú ọmọ ogun ara fara balẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n tí a bá jẹ ẹ́, díẹ̀ péré nínú rẹ̀ ló ń dé inú ẹ̀jẹ̀.

Èkejì ni ẹ̀dọ̀. Ẹ̀dọ̀ ń fọ ohun gbogbo tó bá wọlé, ó sì ń yí i padà. Tí èròjà ewé bá pọ̀ jù, ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀ lè bàjẹ́.

Ẹ̀kẹta ni ìwọ̀n. Nínú abọ́, wọ́n wọn èròjà náà. Ta ló ń wọn ti inú ìkòkò àgbo? Ewé òní lè le ju ti àná lọ. Àgbo tó sè fún wákàtí 1 kò rí bí èyí tó sè fún wákàtí 3.

Nítorí náà, àyẹ̀wò tó tóbi jù ni ti ara ènìyàn. Mo fẹ́ kí á jùmọ̀ ṣe ìṣirò kan. Ní 2001, wọ́n sọ èsì àyẹ̀wò kan jáde ní Amẹ́ríkà lórí àwọn tí orúnkún ń ro. Wọ́n ka ènìyàn 247. Apá kan lo oje atalẹ̀ àti ìbátan atalẹ̀ kan. Apá kejì lo hóró tí kò ní nǹkan kan nínú. Kò sẹ́ni tó mọ èyí tí wọ́n fún òun. Nínú 100 tó lo atalẹ̀, ìrora 63 dín kù. Nínú 100 tó lo hóró òfo, ìrora 50 dín kù.

Ẹ yọ 50 kúrò nínú 63. Ó ku 13. Iṣẹ́ tí atalẹ̀ ṣe gan-an nìyẹn: ènìyàn 13 nínú 100. Kì í ṣe òfo, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ìyanu. Inú àwọn kan tó lo atalẹ̀ tún ń ru díẹ̀. Ẹ tún rí i pé ènìyàn 50 nínú 100 sọ pé ara àwọn yá láìlo nǹkan kan. Nígbà tí aládùúgbò bá sọ pé «mo mu ún, ara mi yá», ẹ rántí àwọn 50 yìí.

PA INÁ, ṢÙGBỌ́N FA IGI YỌ

Ẹni tó ń da omi sí iná láìfa igi yọ, iná náà á tún jó. Bẹ́ẹ̀ náà ni ara. Àgbo lè mú kí ọrùn ọwọ́ fúyẹ́ lálẹ́ òní. Ṣùgbọ́n tí ọwọ́ bá padà sórí ẹ̀rọ kan náà, lórí ìjókòó kan náà, láìsí ìsinmi, igi náà ṣì wà nínú iná.

Ewu mìíràn tún wà. Ká ní abẹ́rẹ́ gún òṣìṣẹ́ kan níka. Ìka náà wú, ó ń ṣọyún. Ó mu ohun tó ń pa iná ara. Wíwú dín kù, inú rẹ̀ dùn. Ṣùgbọ́n kòkòrò kò kú. Ọmọ ogun tó ń bá a jà ni wọ́n ní kó lọ sùn. Kòkòrò á wá ráyè tàn kálẹ̀. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

KÍ LÓ WÀ NÍNÚ ÌGÒ?

Ẹ̀yin ará, ewé kọ́ ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí jù. Ohun tí wọ́n fi pa mọ́ sínú ewé ni.

Àwọn oògùn kan wà tó ń jẹ́ dexamethasone àti prednisolone. Wọ́n lágbára gan-an láti mú ọmọ ogun ara sùn. Nílé ìwòsàn, wọ́n ń gba ẹ̀mí là. Ní 2020, ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n rí i pé dexamethasone dín ikú kù láàárín àwọn alárùn Covid tí wọ́n ń fún ní afẹ́fẹ́ tàbí tí ẹ̀rọ ń bá mí. Ṣùgbọ́n kò ran àwọn tí kò nílò afẹ́fẹ́ lọ́wọ́. Oògùn kan náà ni. Ìgbà tí a lò ó àti ẹni tó lò ó ló yàtọ̀.

Ẹni tó bá ń lò ó fún oṣù púpọ̀ láìmọ̀, ojú rẹ̀ á wú rìbìtì, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á ru, ṣúgà á pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, egungun rẹ̀ á fúyẹ́. Tí ó bá sì dáwọ́ dúró lójijì, ó lè dákú, ó lè kú.

Ta ló lè máa lò ó láìmọ̀? Ní 2022, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣọ́ oúnjẹ àti oògùn kìlọ̀ nípa hóró kan tí wọ́n ń pè ní Artri King. Ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ ni pé ewé àti èròjà oúnjẹ ló wà nínú rẹ̀, fún orúnkún ríro. Àyẹ̀wò fi hàn pé dexamethasone àti diclofenac wà nínú rẹ̀, wọn kò sì kọ ọ́ sára rẹ̀. Bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà, kí ni kí á sọ nípa ìgò tí kò ní ìwé lára rárá?

Nítorí náà, bí àgbo kan bá mú ìrora ọdún mẹ́ta kúrò láàárín wákàtí kan, ẹ má tètè yọ̀. Ẹ bèèrè ohun tó wà nínú rẹ̀.

Tramadol náà ń kó? Tramadol kì í pa iná ara. Kò jẹ́ kí á gbọ́ ìrora ni. Ilé ń jó, a di etí kí á má baà gbọ́ igbe. Ó sì ń di bárakú, ẹni tó ń lò ó kò ní lè fi í sílẹ̀ mọ́.

Sódàbì ń kó? Ọtí líle ń jẹ inú ikùn. Ásípírìn àti diclofenac náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá mu méjèèjì pọ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í pọ ẹ̀jẹ̀, tàbí kí ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú bí èédú.

Ọ̀rọ̀ yìí ti dé ọ̀dọ̀ àwọn olórí ìlú. Ní oṣù kìíní 2020, ní Lomé níbí, àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà kan, ti Togo, Senegal àti Uganda wà nínú wọn, tọwọ́ bọ̀wé láti gbógun ti oògùn ayédèrú. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ra oògùn ni ẹ̀ṣọ́ àkọ́kọ́. Ẹ̀yin tó ti mọ̀wé kà báyìí, ẹ fi ìmọ̀ náà ṣọ́ ara yín.

KÍ NI KÍ Á ṢE?

1. Ẹ mọ orúkọ ewé tí ẹ ń mu. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín. Ohun tí ẹ kò bá mọ orúkọ rẹ̀, ẹ má mu ún.

2. Ẹ má pa àgbo pọ̀ mọ́ hóró oògùn, ẹ má sì fi ọtí mu èyíkéyìí nínú wọn. Aláboyún, ọmọdé, ẹni tí ikùn ń dùn, àti ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì gbọ́dọ̀ bèèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì kí wọ́n tó mu ohunkóhun.

3. Ẹ ka ohun tó wà lára àpótí: orúkọ, ìwọ̀n, ọjọ́ tí agbára rẹ̀ á parí. Ilé ìtajà oògùn ni kí ẹ ti rà á, kì í ṣe ẹ̀bá ọ̀nà.

4. Ẹ tètè lọ sílé ìwòsàn tí ojú ibẹ̀ bá ń ṣọyún, tí ibà bá dé, tí ọwọ́ bá ń kú tàbí tí kò lágbára mọ́, tí ìgbẹ́ bá dúdú, tàbí tí ìrora bá kọjá ọ̀sẹ̀ 2. Ẹ mú ìgò àgbo náà dání. Ẹ má fi pa mọ́ fún dókítà. Ẹni tó bá ti ń lo àgbo kan fún oṣù púpọ̀ tí ojú rẹ̀ sì ti wú, kí ó má dá a dúró fúnra rẹ̀. Kí ó lọ sọ́dọ̀ dókítà ná.

5. Ẹ fa igi kúrò nínú iná. Ẹ sọ fún aṣojú òṣìṣẹ́ pé ọwọ́ ń dùn yín, kí ẹ sì sọ ọ́ pọ̀. Ẹ bèèrè ìjókòó tó bá ara mu, ìsinmi díẹ̀, àti pé kí ẹ máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara yín. Ẹ bèèrè bóyá wọ́n ti kọ orúkọ yín sí CNSS. Òun ló ń bójú tó ìpalára àti àìsàn tó ti ẹnu iṣẹ́ wá.

Ẹ̀yin ìyá alágbo, mo fi ọ̀wọ̀ bá yín sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin lẹ mọ ewé tí àwọn ọmọ wa ti gbàgbé. Ẹ wọn ewé àti omi pẹ̀lú ife kan náà lójoojúmọ́. Ẹ kọ orúkọ ewé sára ìgò. Ẹ má gba lúlúù tí ẹnikẹ́ni bá mú wá pé kí ẹ fi sí i, kí àgbo yín lè tètè mú. Lúlúù yẹn ló ń ba orúkọ yín jẹ́. Yunifásítì Lomé ní ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìwádìí lórí ewé ìwòsàn. Ìmọ̀ yín àti ti wọn gbọ́dọ̀ pàdé. Ìmọ̀ tí a kọ sílẹ̀ kì í bá àgbà wọ ilẹ̀.

Ẹ̀yin ará, ọmọ ogun inú ara wa ń ṣọ́ wa tọ̀sán tòru. Nígbà mìíràn wọ́n ń jà ju bó ti yẹ lọ, ewé wa sì mọ bí a ti ń rọ̀ wọ́n. Ẹ má jẹ́ kí á fi ewé náà ṣeré. Ẹ má sì jẹ́ kí á máa rọ ọmọ ogun títí, kí á gbàgbé ohun tó gbé ogun wá.

 

ẸGBẸ́ AKẸ́KỌ̀Ọ́, Ẹ JÙMỌ̀ DÁHÙN:

1. Kí ni àmì 4 tí iná ara ní?
2. Nínú 100 tó lo atalẹ̀, ènìyàn mélòó ni atalẹ̀ fúnra rẹ̀ ràn lọ́wọ́? Báwo lẹ ṣe ṣírò ó?
3. Kí nìdí tí ásípírìn fi lè pa ikùn lára?
4. Ẹ dárúkọ àgbo kan tí ẹ ń mu nílé. Ewé mélòó ló wà nínú rẹ̀? Ẹ kọ orúkọ wọn.
5. Níbi iṣẹ́ yín, tàbí lóko yín, kí ni «igi» tó ń mú iná ara jó?